Òjò Dídì Kì í Ṣe Òjò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìlú Akaka Rẹ́mọ

Sí Kábíyèsí, Ọba ìlú Akaka Rẹ́mọ, àti àwọn olóyè ìlú. Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ ní Ìsarà. Sí àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi. Àti sí gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.



Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà yìí gbé wá síwájú ìlú kò jẹ mọ́ ọ̀nà tó bàjẹ́ tàbí iná mànàmáná tí kò dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wọ̀nyẹn náà tó kọ lẹ́tà lé lórí; ó jẹ mọ́ irú ìjì kan tí kò lè jà ní Akaka láéláé, ṣùgbọ́n tó lè pa ọmọ Akaka. Ìjì náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bílísáàdì, tí a ó máa pè ní ìjì òjò dídì níhìn-ín. Ìdí tí a fi kọ lẹ́tà náà sí ilé, tí a kò kọ ọ́ sí àwọn tó wà lókè òkun nìkan, ni pé ilé ni ọmọ ti ń gba ìmọ̀ràn kó tó wọ bàálù, ilé ló sì ń pè é lórí fóònù nígbà tí ìjì bá ń jà lọ́wọ́, ìlú tí kò bá sì mọ ohun tí ìjì yìí jẹ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ jáde sínú ewu.

Kì í ṣe òní ni Rẹ́mọ ti ń rán ọmọ lọ sílẹ̀ olótùútù. Ní ọdún 1944 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì padà sílé ní ọdún 1946. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe, wọ́n lọ, wọ́n kàwé tán, wọ́n sì padà. Ìrìn òde òní tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jápa yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ẹni tó lọ ń lọ láti ṣiṣẹ́ kó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, iṣẹ́ tó sì sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ wíwà àti iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, èyí tí wọ́n ń pín sí ṣíìfù tọ̀sán tòru, tí ẹni tí kò bá dé ibi iṣẹ́ kì í sì sábà rí owó ọjọ́ náà gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìjì òjò dídì máa ń bá lójú ọ̀nà.

Orúkọ tí èdè wa fún nǹkan yìí wà lára ohun tó ń ṣini lọ́nà. Òjò dídì ni Bíbélì Yorùbá pè é, orúkọ náà sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ òjò ní Akaka, òjò tó mọ̀ ni yóò wá sí i lọ́kàn, èyí tí àgbẹ̀ ń fi ewé kókò borí nínú rẹ̀, tí ọlọ́jà ń fi ọ̀rá bo ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá dé, tí ọjà kò sì torí rẹ̀ tú. Àwọn mìíràn pè é ní yìnyín, bẹ́ẹ̀ yìnyín tí a mọ̀ nílé ni òkúta omi tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Òkúta omi yẹn wúwo, ibi tó bá bọ́ sí ló ń yọ́ sí. Òjò dídì, tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún kúkú ń pè ní sínóò, kò rí bẹ́ẹ̀: omi inú àwọsánmà ló dì ní wẹ́wẹ́ láìtíì di òjò rárá, tó so mọ́ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, bí ilẹ̀ bá sì tutù tó, kò ní yọ́, yóò kàn máa gun orí ara rẹ̀ ni. Fífúyẹ́ yìí gan-an ni ewu rẹ̀, torí pé ohun tó bá fúyẹ́, ẹrú atẹ́gùn ni.

Kì í ṣe gbogbo òjò dídì ló ń di ìjì. Àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, National Weather Service, kì í pe ìjì kan ní bílísáàdì àfi bí ohun mẹ́ta bá pé: kí atẹ́gùn máa fẹ́ tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan ó kéré tán, kí òjò dídì tó ń rọ̀, tàbí èyí tí atẹ́gùn ń gbé kiri, di ojú débi pé ènìyàn kò lè rí ohun tó wà ní mítà 400 síwájú rẹ̀, kí èyí sì máa bá a lọ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Òṣùwọ̀n ìjọba Kánádà kò jìnnà sí i: atẹ́gùn tó tó kìlómítà 40, fún wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òṣùwọ̀n méjèèjì yóò rí i pé wọn kò sọ ohunkóhun nípa bí òjò dídì tó rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, nítorí pé atẹ́gùn àti àìríran ni wọ́n fi ń dá ìjì náà mọ̀. Kódà ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí ẹyọ kan ṣoṣo má rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ìjì ó sì jà, bí atẹ́gùn bá ti gbé èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dìde.

Ohun tó sún mọ́ èyí jù lọ nílé ni ọyẹ́. Eruku tó ń bo Akaka láti oṣù Kejìlá kì í ṣe eruku Akaka. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti aṣálẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e kúrò nílẹ̀, tó sì ń gbé e gba ojú ọ̀run wá sọ́dọ̀ wa. Awakọ̀ tó ti wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ bó ti máa ń rí nígbà tí iná ọkọ̀ iwájú kò bá hàn títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nídìí. Kí ó wá fi ojú inú wò ó pé eruku náà di funfun, ó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó ń gbá ni lójú bí iyanrìn, ó sì tutù bí inú fíríìsà. Àfiwé náà kò tilẹ̀ pé tán, nítorí ọyẹ́ a máa la ètè, a sì máa la gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa ìka ọwọ́ ènìyàn kú láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ilẹ̀ bá funfun, tí ojú ọ̀run funfun, tí àárín méjèèjì sì kún fún funfun tó ń fò, kò sí ohun tí ojú lè dì mú mọ́, ẹni tó jáde láti wo ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ara rẹ̀ sì lè máà rí ẹnu ọ̀nà ilé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ní pápá gbalasa àárín Amẹ́ríkà fi máa ń so okùn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé ẹran ọ̀sìn, kí ẹni tó bá lọ fún màlúù lóúnjẹ lè di okùn mú padà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kínní ọdún 1888, òwúrọ̀ lọ́ wọ́rọ́ ní Nebraska àti Dakota, ọ̀pọ̀ ọmọ sì lọ sí ilé-ìwé láìwọ ẹ̀wù tó nípọn. Ọ̀sán ni ìjì dé, nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ sílé. Iye àwọn tó kú ni wọ́n fojú bù sí 235, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí kò rí ojú ọ̀nà ilé wọn.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti yéni jù lọ ni Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, létí adágún omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Erie. Bí atẹ́gùn olótùútù bá gba orí adágún tí omi rẹ̀ kò tíì dì kọjá, yóò gbé èémí omi náà dání, yóò sì tú u dà sórí ilẹ̀ tó bá kọ́kọ́ kàn ní òdìkejì, Buffalo ló sì sábà máa ń kàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kínní ọdún 1977, ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé: adágún ti dì gbagidi, òjò dídì tó ti rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì wà lórí omi dídì náà bí ìyẹ̀fun lórí atẹ, ni atẹ́gùn bá gbá gbogbo rẹ̀ wọ ìgboro. Ènìyàn 29 kú, a sì rí lára wọn tí òjò dídì bò mọ́ inú ọkọ̀ wọn.

Ìlú tó ti rí irú èyí yẹ kó ti gbọ́n, ó sì ti gbọ́n lóòótọ́, síbẹ̀ ti ọdún 2022 burú jù ú lọ. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ni ìjì náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń ra ọjà Kérésìmesì. Atẹ́gùn rẹ̀ kọjá kìlómítà 110 ní wákàtí kan, ó jà fún nǹkan bíi wákàtí 37 láìdáwọ́ dúró, òjò dídì tí wọ́n sì wọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú ìlú náà ga ju mítà kan lọ. Ọkọ̀ panápaná há, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn há, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà pàápàá há, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn, ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 40. Àwọn kan kú nínú ọkọ̀ tó há, àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lójú pópó, àwọn kan nínú ilé tí iná ti lọ tí kò sì sí ohun tó ń mú un gbóná, ọkàn àwọn mìíràn sì dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì. Ju ìdajì àwọn tó kú nínú ìgboro Buffalo lọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́ dáadáa. Àṣẹ pé kí ọkọ̀ kankan má rìn jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti jáde nílé, tí àwọn mìíràn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aláṣẹ lẹ́yìn náà nítorí pé ó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó bá dúró de àṣẹ kó tó jókòó sílé lè ti pẹ́ jù, ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sì sọ fún un lórí fóònù láti Akaka pé ṣé òjò lásán ló ń dá a dúró kò ní dúró de àṣẹ náà rárá. A kò dá àwọn òbí lẹ́bi. Ẹni tí kò rí ìjì yìí rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a sọ ọ́ gbangba pé owó ilé ìwé, owó òkú àti owó ilé kíkọ́ tí a ń béèrè ní ìparí ọdún máa ń bọ́ sí àkókò kan náà tí ìjì wọ̀nyí ń jà, àti pé ẹni tí wọ́n ń retí owó lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ pàdánù ṣíìfù kan.

Bí ilé ṣe lè ṣi ọmọ lọ́nà nìyẹn. Àṣà ilé tí ọmọ gbé dání náà lè pa á, ìpínlẹ̀ Texas sì ni ẹ̀rí èyí. Houston, tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò tutù. Ní àárín oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù kíkan àti òjò dídì dé bá a. Iná mànàmáná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin káàkiri ìpínlẹ̀ náà, iye tí ìjọba Texas sì kà pé ó kú jẹ́ 246. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń lé òtútù ló pa wọ́n: wọ́n gbé ààrò èédú wọ yàrá, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì tàbí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ọkọ̀ tí a tì.

Kò sí ẹni tó yẹ kí èyí tètè yé tó ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa agbo ilé tí wọ́n sùn tí wọn kò jí, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé ń pè ní “I pass my neighbour” tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé, kí olè má bàa gbé e lọ. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú, kábọ̀n mònósáìdì, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn bá mí in sínú, yóò gba ipò tí afẹ́fẹ́ rere ń jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀, orí yóò máa fọ́ onítọ̀hún, òòyì yóò kọ́ ọ, inú yóò máa rìn ín bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, oorun yóò sì gbé e lọ. Ohun tó mú ti òkè òkun burú sí i ni pé ilé wọn kò ní àlàfo: a kọ́ ọ kí atẹ́gùn má bàa wọlé, afẹ́fẹ́ olóró kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kí ó jìnnà sí ilé, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán. Èédú kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. A kì í sì fi ààrò gáàsì tí a fi ń se ọbẹ̀ mú ilé gbóná. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ nínú ilé. Ẹ̀bùn tó dára fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé lọ́hùn-ún ni, ó sì dára ju àwòrán ara ògiri lọ.

Ọ̀rọ̀ òtútù fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Atẹ́gùn a máa gbá ooru kúrò lára bí ẹni fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, nítorí náà òtútù tí ara ń mọ̀ máa ń ju èyí tí òṣùwọ̀n ń sọ lọ. Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, etí àti imú ló kọ́kọ́ ń kú: wọ́n á funfun tàbí kí wọ́n dà bí eérú, wọn kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Wọn kì í fi ọwọ́ ra irú ibẹ̀, wọn kì í sì fi ìpara gbígbóná bíi Robb tàbí Aboniki pa á. Omi tó lọ́ wọ́rọ́ ni wọ́n ń rì í sí. Bí ooru inú ara bá wá sọ̀kalẹ̀ ju ìwọ̀n 35 ní òṣùwọ̀n Celsius lọ, ènìyàn yóò máa gbọ̀n, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú; àyà àti ikùn rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú gbóná, kí wọ́n sì pe dókítà. Ògógóró kò lé òtútù. Ó ń ṣí iṣan awọ ara ni, ara á wá máa gbóná lójú ẹni tó mu ún, nígbà tó jẹ́ pé ooru inú rẹ̀ ló ń tú jáde.

Ti ọkọ̀ ló ṣòro jù láti kọ́ ọmọ Rẹ́mọ. Nílé, bí ọkọ̀ bá kú lọ́nà Ìpara sí Ìsarà, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn títí yóò fi rí ènìyàn, bó ti yẹ kí ó ṣe gan-an nìyẹn. Nínú ìjì òjò dídì, ẹni tó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń rí òkú rẹ̀ nítòsí ọkọ̀ náà. Kí ó jókòó sínú rẹ̀, kí ó so aṣọ pupa mọ́ ibi tí wọ́n á ti rí i, kí ó máa tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbá òjò dídì kúrò lẹ́nu páìpù èéfín, kí ó sì ṣí fèrèsé díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ó bá ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi, ìpápánu àti fóònù tó kún fún iná nínú ọkọ̀ kí ó tó kúrò nílé, ìdúró náà kò ní le jù.

Ọ̀rọ̀ méjì wà lára èyí tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń lò láti kéde ìjì, tí ọ̀pọ̀ àjèjì kò mọ ìyàtọ̀ wọn. “Watch” túmọ̀ sí pé ó lè ṣẹlẹ̀, kí ènìyàn wà lójúfò: ìgbà yẹn ni wọ́n ń ra oúnjẹ tí kò nílò iná, omi àti oògùn tí yóò tó ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má lè wá. “Warning” túmọ̀ sí pé ó ti dé tàbí ó dájú pé ó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sọ́jà nígbà yẹn ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ni wọ́n ń lò, pupa ló sì le jù.

Ohun tí a ń bẹ Kábíyèsí àti àwọn olóyè fún kò ná ìlú ní owó púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe ìpàdé ìlú lórí oko àti lórí ilẹ̀, kí wọ́n pe ẹyọ kan lọ́dún fún àwọn tí ọmọ wọn ń múra ìrìn àjò, kí ọmọ ìlú kan tó ti gbé ilẹ̀ olótùútù rí wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìsarà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé Òde Rẹ́mọ, Ìpara àti Ìlárá pẹ̀lú, kí àwọn ilé ìjọsìn, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, sì bá wọn kéde rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun ni iṣẹ́ tó tóbi jù wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí wọ́n mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àdúgbò tó wà àti ẹni tó ń dá gbé, kí wọ́n máa pe irú wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ìkìlọ̀ bá ti jáde, kí wọ́n sì ní àpò kékeré kan tí wọn yóò fi san owó ṣíìfù kan tàbí méjì fún ẹni tó jókòó sílé nítorí ìjì. Àwọn òbí ní tiwọn, bí wọ́n bá pe ọmọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìpè náà kúrú, nítorí bátìrì fóònù lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù fún un. Kí wọ́n béèrè bóyá ó wà nínú ilé, bóyá ilé gbóná, bóyá kò tan èédú, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní Buffalo, òjò dídì tó pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá. A bẹ Kábíyèsí pé kí ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé kí oṣù Kẹwàá tó parí.